Èéfín Tí Ojú Kò Rí

Imú ló kọ́kọ́ figbe ta. Kí Ẹniìtàn, agbẹjọ́rò obìnrin kan, tó sáré sọ̀ kalẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, igbe náà ti gba gbogbo Ilé Agbẹjọ́rò Ìbòòji kan, àwọn òṣìṣẹ́ sì ti ń yọrí lójú fèrèsé bí ẹni tí wọ́n ní olè ń bọ̀. Ìyá arúgbó kan ló dúró síwájú ilẹ̀kùn tó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Kò sẹ́ni tó nàbọn sí i. Imú tí wọ́n kàn mọ́ òkè ilẹ̀kùn ni, ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn èéfín, kò tóbi ju àgbálùmọ̀ lọ, ó ń tan iná pupa, ó ń pa á, ó ń ké ṣáá pé, "Èéfín wọlé! Èéfín wọlé!"

"Màmá, ẹ sọ ọwọ́ kalẹ̀," ni Ẹniìtàn wí. "Kì í pààyàn."

"Kì í pààyàn, ó wá ń pariwo báyìí?" Ìyá Orímisàn rọra sọ ọwọ́ kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbójú kúrò lára Imú. "Ọmọ mi, mo wẹ̀ o. Mo wẹ̀ lánàá, mo tún wẹ̀ láàárọ̀ yìí. Aṣọ tí o rí lára mi yìí gan-an, mo yá a lọ́wọ́ ẹni tí kì í sún mọ́ iná ni. Kí ló tún ń gbóòórùn lára mi?"

Ẹniìtàn wò ó láti òkè délẹ̀. Ìbàdí ìyá náà wú ju bó ṣe yẹ lọ.

"Màmá, kí lẹ dì mọ́dìí?"

Ìyá náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wẹ̀yìn wò, ó sì fa ìdì ewé kan yọ lábẹ́ ìró. "Ṣé ọwọ́ òfìfo ni mo máa fi wá kí lọ́yà mi ni? Ta ló bí mi bẹ́ẹ̀?"

Ẹja àrọ̀ ló wà nínú ewé náà, wọ́n ká a bí òrùka, ìrù bọ ẹnu, wọ́n sì yan án títí ó fi dúdú tó ń dán. Imú tún figbe ta ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n imú èèyàn náà ṣiṣẹ́ tirẹ̀: ọ̀dọ́bìnrin tó ń tọ́jú ẹnu ọ̀nà gbé itọ́ mì, ó sì yára wolẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́dìí ìkòkò ọbẹ̀. Kò jẹ̀bi. Ní Ìbòòji, oúnjẹ gbígbóná ti di ohun tí wọ́n ń rí lójú àlá. Èso, ẹ̀fọ́ tútù àti erèé tí wọ́n rẹ sómi títí ó fi hù ni wọ́n ń jẹ lọ́sàn-án, wọ́n sì ń sọ fún ara wọn pé ó dùn.

Ẹniìtàn fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ di òfin. Òun ni alága Ìgbìmọ̀ Ewé nílé iṣẹ́ náà. Òun ló ní kí wọ́n yọ ẹ̀rọ agbénigòkè, kí ọ̀gá àti ọmọọṣẹ́ jọ máa fẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn òkúta. Òun ló ní kí wọ́n pa ìwé títẹ̀ tì, wọ́n sì sin ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó kẹ́yìn sẹ́yìnkùlé, wọ́n gbin ọsàn lé e lórí. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló jẹ́ kí ewé irin mẹ́jọ, àmì ilé iṣẹ́ tí èéfín rẹ̀ kéré, wà lára ilẹ̀kùn Ìbòòji, nígbà tí àwọn ilé agbẹjọ́rò yòókù lórí Òkè Ìdànrè ń fi márùn-ún yangàn. Kì í sì í ṣe ṣekárími. Ilé tí wọ́n bí ìyá rẹ̀ sí l'Ékòó ti wà lábẹ́ òkun báyìí, ẹja ló ń gbé yàrá ibẹ̀. Nígbà tí òkun gba ilé ẹjọ́ ìlú náà ni àwọn adájọ́ kó ẹrù gun orí àpáta wá sí Ìdànrè. Ẹniìtàn gbà pé bí ẹnikẹ́ni bá máa kọ́kọ́ yíwà padà láyé, àwọn agbẹjọ́rò ni, torí ẹnu wọn ni wọ́n ti fi wẹ àwọn tó ba ayé jẹ́ mọ́ fún ọjọ́ pípẹ́.

"Kí ni wọ́n kọ sábẹ́ àwọn ewé yẹn?" ni Ìyá Orímisàn bi í.

"Wọ́n ní èéfín oníbàárà, èéfín agbẹjọ́rò. Òfin ni, Màmá. Tí a bá ti gba ẹjọ́ yín, èéfín tí iná yín bá rú, ọrùn tiwa náà ni wọ́n máa kà á sí."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó máa báni jẹ ẹja, kó báni fara gba èéfín."

Ẹniìtàn rẹ́rìn-ín, kò mọ ìgbà tó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Imú kò rẹ́rìn-ín. Kò gbà kí ìyá náà wọlé, pẹ̀lú ẹja tàbí láìsí ẹja, torí èéfín ogójì ọdún kì í fi awọ ara sílẹ̀ nítorí ìwẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì. Ìta ni wọ́n jókòó sí, lórí òkúta tí oòrùn ti yan gbóná, lẹ́yìn ilé tó ń jẹ́ Ìbòòji.

Ìyá Orímisàn ni olórí àwọn obìnrin tó ń yan ẹja ní Ìrètí-Òkun, abúlé orí òpó kan létíkun, tí òkun ti lé sẹ́yìn, tó tún padà lé sẹ́yìn, tí kò sì yé jẹ́ abúlé. Ẹjọ́ wọn ni wọ́n máa gbọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Òfin Èéfín ní lágbègbè kọ̀ọ̀kan, ẹni tí èéfín rẹ̀ bá pọ̀ jù ni kí wọ́n kọ́kọ́ da sìmẹ́ńtì dí ojú ààrò rẹ̀. Àwọn Imú tó ń fò lójú òkun sì ti ká gbogbo etíkun já, wọ́n ní kò sí èéfín tó tó ti Ìrètí-Òkun.

"Èyí tí ẹ fi ń se oúnjẹ nílé ńkọ́?" ni Ẹniìtàn bèèrè. Ó ti mọ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

"Ààrò onídèérí tí ìjọba pín ni gbogbo wa ń lò nílé. Imú ò ké sí i rí. Ẹja ló ń fẹ́ èéfín, ọmọ mi. Ẹja tí ò bá rí èéfín, kó tó di ọ̀la, ìdin ti ń kí i." Ìyá náà fà sún mọ́ ọn. "Sọ òótọ́ fún mi. Mo ti rí lọ́yà tó ń fi òwe tanni. Ṣé wọn ò ní dí ààrò wa?"

"Wọn ò ní dí i, Màmá. Mo rí ọ̀nà kan." Ẹniìtàn rẹ ohùn sílẹ̀. "Iná Ilé-Iṣẹ́ Atẹ́gùn Tútù tó wà lójú òkun, ẹ ti rí èéfín níbẹ̀ rí?"

"Iná aláwọ̀ aró yẹn? Kò léèéfín. Tọ̀sán-tòru ló ń jó, àwọn ọmọ wa a sì máa wò ó bí wọ́n ṣe ń wòṣùpá. Àmọ́ ooru rẹ̀ ti lé ẹja jìnnà." Ó ronú díẹ̀. "Láyé tiwa, wọ́n máa ń ní kò síná, kò séèéfín. Ìyẹn wá níná, kò léèéfín. Ọ̀rọ̀ náà ò yé mi."

"Ohun tí mo fẹ́ lọ sọ fún adájọ́ nìyẹn," ni Ẹniìtàn wí.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti wá pè é pé ọ̀gá ń fẹ́ rí i.

Yàrá Ọ̀gá Ṣóyẹmí tutù bí inú ìkòkò àmù. Atẹ́gùn Tútù ló ń fi páìpù fa òtútù náà wá láti etíkun, wọ́n ń fà á kiri gbogbo ilé iṣẹ́ ńláńlá orí òkè, òun náà sì ni oníbàárà Ìbòòji tó tóbi jù. Nítorí pé kò sí Imú tó ké sí i rí, òfo ni wọ́n máa ń kọ fún un lọ́dọọdún nígbà tí wọ́n bá ń ka èéfín àwọn oníbàárà. Èyí wà lára ohun tó mú ewé mẹ́jọ náà dúró lára ilẹ̀kùn. Ẹniìtàn mọ̀ ọ́n, ó sì ti pẹ́ tó ti ń gbé e mì bí ẹni gbé egungun ẹja mì.

Ọ̀gá Ṣóyẹmí ti darúgbó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì ń ríran rí ohun tí èèyàn fi pamọ́ sẹ́yìn ọ̀rọ̀. Gbogbo orí òkè ló mọ̀ ọ́n sí Bàbá Ọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n kó òfin ayé tuntun dé lédè òkèèrè, tí wọ́n ní kí wọ́n sọ ọ́ di Yorùbá, gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni wọ́n sọ lórúkọ bí ọmọ tuntun, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní baba tirẹ̀ tí wọ́n kọ sílẹ̀. Bí àríyànjiyàn bá dé nílé ẹjọ́, baba tó bá ṣì wà láyé ni wọ́n máa ń pè kó wá sọ ohun tó bí. Ohun tó bá sọ, abẹ gé e. Ọ̀gá Ṣóyẹmí ló bí èéfín.

"Jókòó, Ẹniìtàn."

"Ẹ ṣé, sà."

"Dá ẹjọ́ àwọn ẹlẹ́ja padà."

Ó ti rò pé bàbá náà máa kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà ilé. "Lónìí, sà? Ẹni tí agbẹjọ́rò rẹ̀ bá já sílẹ̀ lọ́jọ́ ìjókòó, ó ti jẹ̀bi nìyẹn."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo kọ́ ẹ."

"Wọ́n máa dí ààrò wọn kó tó di ìrọ̀lẹ́."

"Ààrò ẹja abúlé kan. Ó dùn mí." Bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn lóòótọ́ ló sì sọ ọ́, ìyẹn ló tún bí Ẹniìtàn nínú jù. "Tí o bá lọ síbẹ̀ tí o pàdánù, èéfín abúlé gbáko máa já lé wa lórí, wọ́n á sì re ewé lára ilẹ̀kùn wa bí ẹni ń re ẹ̀fọ́. Ìyẹn kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Kí o borí ló ń bà mí lẹ́rù. Mo ti ka ohun tí o fẹ́ sọ. O fẹ́ pè mí."

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ lórúkọ, sà."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà gbẹ. "Ṣé o mọ bó ṣe rí lọ́jọ́ náà? Ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé òyìnbó yẹn kò ṣeé fẹnu pè. Ẹnìkan ní ká pè é ní èémí iná. Ẹlòmíràn ní afẹ́fẹ́ èédú. A jà títí ebi fi pa wá. Mo wá ní, ẹ jẹ́ ká pè é ní èéfín, kí ìyá mi lè gbọ́ ọ. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́, a sì lọ jẹun."

"Ìyá yín gbọ́ ọ lóòótọ́, sà. Àmọ́ àwọn tó ṣe Imú náà gbọ́ ọ, wọ́n sì kọ́ ọ kó máa wá èéfín tójú rí nìkan. Iná tó ń jó lójú òkun, tó ń se ayé jinná, òfo ni wọ́n ń kọ fún un. Àwọn ìyá tó ń yan ẹja ṣawá ni wọ́n wá sọ di olórí arúfin. Nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, sà. Ẹ kàn fẹ́ lọ jẹun."

Ọ̀rọ̀ yẹn le ju bó ṣe yẹ kọ́mọ sọ fágbà lọ, òun náà mọ̀, kò sì tọrọ àforíjì. Ọ̀gá Ṣóyẹmí fara ti àga rẹ̀.

"O rò pé mi ò mọ̀ látọjọ́ yìí? Ihò kan náà ni eku àti ejò jọ ń gbà wọlé, Ẹniìtàn. Ihò tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, Atẹ́gùn Tútù ń gbà á kọjá. Òótọ́ ni, mi ò jiyàn. Gbogbo ààrò onídèérí tó wà létíkun náà ń gbà á kọjá. Tí o bá dí i, ejò á wá ibòmíràn gbà. Eku ńkọ́?"

"Òfin ní ẹni tó bá pọ̀ jù ni kí wọ́n kọ́kọ́ dí. Tí wọ́n bá ka èyí tójú ò rí, ta ló máa pọ̀ tó Atẹ́gùn Tútù? Ìrètí-Òkun á bọ́ sẹ́yìn pátápátá."

"Láti ọdún tó kọjá ni Atẹ́gùn Tútù ti ń ra igbó kiri. Kí lo rò pé wọ́n fẹ́ fi ṣe? Ọdẹ?"

Ó yẹ kí Ẹniìtàn dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó yẹ kó bi í léèrè, kó jókòó tì í, kó tú u wò. Ṣùgbọ́n òtútù inú yàrá náà ń fẹ́ sí i lọ́rùn, ó sì mọ ẹni tó ń fi í ránṣẹ́. Ó wo ọ̀gá rẹ̀, ó rí i pé ẹni tó ń jẹ lára nǹkan kì í rí àléébù rẹ̀. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bó ṣe sọ ọ́ nínú ara rẹ̀ nìyẹn, inú rẹ̀ sì dùn pé òun rí òwe tó bá a mu. Àwa èèyàn, bí a bá ti rí òwe fi lé ọ̀rọ̀ lórí, a rò pé a ti rí ìdí rẹ̀.

Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Tó bá dá ẹjọ́ náà padà, ewé kẹsàn-án ń bọ̀, ipò ń bọ̀, kò sẹ́ni tó máa sọ pé ó ṣe ohun tí kò yẹ. Ìyá arúgbó kan yóò kàn délé bá sìmẹ́ńtì tútù lójú ààrò tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Tí kò bá sì dá a padà, wọ́n lè lé e kúrò ní Ìbòòji kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sì sí ilé agbẹjọ́rò tó máa gba ẹni tó ba ewé ilé rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀rù bà á gidi. Ṣùgbọ́n gbogbo ewu tó rí, orí ara rẹ̀ ló rí i sí, ó sì dà bíi pé ẹni tó bá ti gbà láti jìyà fún ẹlòmíràn kò lè ṣìnà. Ibẹ̀ ló ti ṣìnà.

"Mi ò ní dá a padà, sà."

"Nígbà náà, má pè mí." Ohùn bàbá náà ti yàtọ̀. "Mo bẹ̀ ọ́, ọmọ yìí. Tí wọ́n bá bi mí, mi ò ní lè sẹ́ ọmọ mi lójú gbogbo ayé."

"Ẹ má bínú, sà. Màá pè yín."

Ilé ẹjọ́ Òkè Ìdànrè kò níná, kò ní fáànù. Inú àpáta ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí, dígí ni wọ́n sì fi ń fa ìmọ́lẹ̀ oòrùn wọlé. Àwọn obìnrin Ìrètí-Òkun jókòó pọ̀ sẹ́yìn. Kí wọ́n tó lè jókòó rárá, àwọn òṣìṣẹ́ ní láti yí ojú Imú inú ilé ẹjọ́ sí ògiri bí ọmọ tó ṣẹ̀. Ìyá Orímisàn jókòó síwájú gbogbo wọn, ọwọ́ lórí orúnkún.

Agbẹjọ́rò ìjọba kò pẹ́ lórí ìdúró. Ó ní Imú ti sọ̀rọ̀, Imú kì í purọ́. Ẹniìtàn wá dìde. Ó ti sọ̀rọ̀ nílé ẹjọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìgbà tí ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀ bíi tọjọ́ náà. Ó ní òfin kò bẹ̀rù ohun dúdú tó ń ta ojú, ohun tó ń mú ayé gbóná ni òfin ń lé. Ó ní èéfín ẹja ń pọ́n ojú ẹni tó ń yan án, ṣùgbọ́n iná aláwọ̀ aró tó wà lójú òkun ló ri Èkó sómi, tó ri ilé ìyá òun, tó ń lé abúlé àwọn olùjẹ́jọ́ yìí sẹ́yìn. Ó ní bí ojú kò bá rí i, ṣé ilẹ̀ kò rí i ni? Àwọn obìnrin ẹ̀yìn ń mi orí. Ẹnìkan nínú wọn ń sunkún.

"Ẹ̀bẹ̀ mi kan ṣoṣo ni pé kí ilé ẹjọ́ yìí bèèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ baba tó bí i, Olúwa mi."

Adájọ́ gbé ojú sókè. "Ṣé baba rẹ̀ ṣì wà láyé?"

"Ó wà láyé, Olúwa mi. Ó wà nínú ilé ẹjọ́ yìí."

Ọ̀gá Ṣóyẹmí dìde níbi tó jókòó sí lẹ́bàá òpó. Wọ́n fún un ní omi kó fi búra, ó mu ún. Adájọ́ bi í pé kí ló wà lọ́kàn rẹ̀ lọ́jọ́ tó sọ ọ̀rọ̀ náà lórúkọ, ṣé èyí tójú rí nìkan ni àbí tòun tèyí tójú kò rí. Bàbá náà gbé ife omi náà kalẹ̀. Kò wo adájọ́, kò wo Ẹniìtàn. Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn ló ń wò, ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ wọ́n lórúkọ.

"Ohun tí iná bá tú sínú afẹ́fẹ́ ni mo pè ní èéfín," ló wí nígbà tó yá. "Èyí tójú rí, àti èyí tójú ò rí." Ó sì jókòó.

Adájọ́ kò jáde lọ ronú. Ó ní agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ ló sọ òótọ́. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo Imú tó wà lórílẹ̀ àti lójú omi gbọ́dọ̀ máa ka èéfín tójú kò rí. Kó tó dé ibi tó fẹ́ dákẹ́ sí, àwọn obìnrin Ìrètí-Òkun ti figbe ayọ̀ ta, wọ́n dìde, wọ́n ń dì mọ́ra, orí ìjókòó òkúta ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ojú Ẹniìtàn kún fún omi. Òun náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo.

Ṣùgbọ́n adájọ́ ṣì ń kàwé. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran; bó ti wà nínú ayọ̀ yẹn, etí Ẹniìtàn ṣì ń gbọ́. Ẹ̀rọ tó ń ka èéfín kì í jẹun, kì í sinmi, ó sì ti tún gbogbo etíkun kà bí adájọ́ ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Atẹ́gùn Tútù, èéfín tójú kò rí, ó pọ̀ rẹpẹtẹ. Igbó tí Atẹ́gùn Tútù ti rà, tó ń mu èéfín náà, ó pọ̀ rẹpẹtẹ. Wọ́n yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì: òfo. Gbogbo ààrò ìdáná etíkun, onídèérí àti aláìnídèérí, wọ́n kà á pọ̀ ṣọ̀kan. Òun ló pọ̀ jù. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dí i lójú ẹsẹ̀.

Ẹniìtàn fò dìde. "Olúwa mi, igbó yẹn! Wọn ò gbin igi kan ṣoṣo. Igbó tó ti wà látayébáyé ni wọ́n lọ rà. Igi ẹ̀yìn abúlé àwọn obìnrin yìí wà nínú rẹ̀!"

"Lọ́yà, ṣé ọ̀rọ̀ ara yín lẹ tún fẹ́ ta kò ni?" Adájọ́ kò bínú, ó tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣàánú rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ ní ká ka èyí tójú kò rí. Igbó ló sì ń mu èyí tójú kò rí. Ó wà nínú òfin látìgbà tó ti wà. A kò lò ó rí ni, torí kò tíì sẹ́ni tí a ka èéfín tójú kò rí sí lọ́rùn."

Ó kan òòlù. Àwọn obìnrin rò pé ti ìdáláre wọn ló kàn, wọ́n sì tún pariwo.

Lórí àtẹ̀gùn ìta, àwọn ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò Ìbòòji ti dúró de Ẹniìtàn. Wọ́n ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Wọ́n ní láti ìgbà tí òkun ti gba Èkó, kò tíì sí ìdájọ́ tó ṣe afẹ́fẹ́ lóore tó èyí, wọ́n ní àwọn ọmọ iléèwé òfin yóò máa kà á. Wọ́n ní ewé kẹsàn-án ti dé. Inú wọn dùn dénú, wọn kò tan án jẹ. Ọ̀gá Ṣóyẹmí gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó dúró díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹniìtàn.

"Lọ sọ fún wọn," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn."

Ó fẹ́ lọ. Ọlọ́run mọ̀ pé ó fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n Ìyá Orímisàn ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó gbá a mọ́ra, ó ń gbá a lẹ́yìn bí ẹni ń pọ̀n ọmọ. "Ọmọ mi! Ọmọ mi dáadáa! O ò ní ṣìṣẹ́ lásán. Ibi tí o bá dé, wọ́n á dìde fún ọ." Àwọn yòókù yí wọn ká, wọ́n ń ṣe àmín. Ẹniìtàn ya ẹnu. Òun tó ti fi ọ̀sán gbáko sọ̀rọ̀, kò rí ẹyọ kan sọ. Ojú tì í. Ó ń wí nínú ara rẹ̀ pé tí wọ́n bá mú ọwọ́ kúrò lára òun ni òun máa sọ ọ́, tí ariwo bá rọlẹ̀ díẹ̀ ni òun máa sọ ọ́.

Fóònù Ìyá Orímisàn ló dún. Nítorí etí rẹ̀ tó ti ń wúwo, gbangba ló máa ń tan ohùn rẹ̀ sí, kí gbogbo èèyàn lè bá a gbọ́. Orímisàn ọmọ rẹ̀ ni.

"Màmá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Wọ́n ti dé o. Wọ́n ń da sìmẹ́ńtì sójú ààrò."

"Sọ fún wọn pé a ti borí!" Ìyá náà ń rẹ́rìn-ín sínú fóònù. "Adájọ́ ti dá wa láre! Ní kí wọ́n padà!"

"Kì í ṣe ti ẹja nìkan, Màmá. Tilé ìdáná ni. Èyí tí ìjọba pín, onídèérí. Ojúlé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wọ̀. Omi tí mo gbé kaná láti fi wẹ̀ fún ọmọ, wọ́n dà á sínú ààrò náà, wọ́n da sìmẹ́ńtì lé e." Ohùn rẹ̀ já. "Ti abúlé tó tẹ̀ lé wa náà ni wọ́n ń dí. Wọ́n ní gbogbo etíkun ni. Kí la máa fi se oúnjẹ alẹ́ yìí?"

Àwọn obìnrin tó ń ṣe àmín ti ń dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló rán wọn sí yín?" ni Ìyá Orímisàn bèèrè.

"Mo bi wọ́n. Wọ́n ní kí n bi agbẹjọ́rò yín. Wọ́n ní òun ló sọ nílé ẹjọ́ pé kí wọ́n ka ti onídèérí náà mọ́ ọn."

Ìyá náà rọra pa fóònù. Ó mú ọwọ́ kejì kúrò lẹ́yìn Ẹniìtàn, ó tún ìró rẹ̀ ró. Láti ọjọ́ tó ti mọ̀ ọ́n, ọmọ mi ló ń pè é, ìwọ ló sì ń bá a sọ, bí àgbà ṣe ń bá ọmọ inú ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ti tó bí ìyá fún un, kò sì sẹ́ni tó lè bi í léèrè. Ó wò ó lójú báyìí, ó sì sún sẹ́yìn díẹ̀.

"Lọ́yà," ló wí, "ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀?"

Ẹniìtàn gbìyànjú láti di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìyá náà kò gbé e fún un.

"Èmi ni, Màmá."

Ìyá Orímisàn mi orí. Ó tẹ orúnkún rẹ̀ ba díẹ̀, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ fún aláṣẹ tí èèyàn kò mọ̀ rí.

"Ẹ ṣé," ló wí. "Ẹ ṣé gan-an ni, mà."